Mo Kọ Ọ́ Pé Kó Má Béèrè Mọ́

Èmi ni ẹni tó máa ń padà sílé láti lọ wò ó bóyá òun ti pa gáàsì. Màá ti jáde, màá ti wọ takisí, ọkàn mi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì. Ọkọ mi ní tí kò bá sí ohun tí mo lè dààmú lé lórí, màá dààmú pé kò sí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ ọmọ ní bàọ́lọ́jì nílé-ìwé girama kan ní Àgbowó, kí n tó dé ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Bódìjà tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í wá sí kíláàsì. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, ẹ̀rọ AI kan ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Olùrànlọ́wọ́ la máa ń pè é ní ọ́fíìsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn ń pè é ní olùkọ́, wọ́n sì ń kí i bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn.

Olùrànlọ́wọ́ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan ni. Tó bá fẹ́ máàkì ìdánwò, tó bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ tó kàn jáde, tó bá fẹ́ wá olùkọ́ gidi, ẹlẹ́ran-ara, tó máa pe akẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù, irinṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ lò. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe àwọn irinṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n kọ àlàyé sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ohun tó ń ṣe, ohun tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fún un kó tó lè ṣiṣẹ́, ìgbà tó yẹ kó lò ó, àti ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà kì í rí inú irinṣẹ́. Àlàyé yẹn nìkan ló ń rí, ohun tí mo bá sì kọ síbẹ̀ ni yóò ṣe, kò ní yọ kúrò, kò ní fi kún un.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀ ni ojú kọ́kọ́ tì mí. Mo ti kọ ọ́ sára irinṣẹ́ máàkì pé: "Fi irinṣẹ́ yìí máàkì ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ." Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó wá kọ "Ẹ káàárọ̀ o" ránṣẹ́, ẹ̀rọ sì máàkì rẹ̀. Ó fún bàbá ní òdo nínú mẹ́wàá. Ó tún kọ ọ́ sábẹ̀ pé ìdáhùn náà dára ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ọwọ́ fífọ̀. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó, mo tún un kọ: ìdáhùn sí ìbéèrè ìdánwò nìkan ni kó máa máàkì, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kíni, tó ń béèrè nǹkan, tàbí tó ń ṣàròyé, kó fi irinṣẹ́ náà sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé bí ìgbà téèyàn ń júwe ilé fún àlejò tí kò wọ Ìbàdàn rí ni iṣẹ́ yìí rí. O ò lè sọ fún un pé kó yà síbi tá a máa ń yà sí. O gbọ́dọ̀ sọ gbogbo rẹ̀.

Irinṣẹ́ tó ba ayé mi jẹ́ ni èyí tó ń wá olùkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ máa lò ó nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá nílò ìrànlọ́wọ́, láìsọ bí ó ṣe máa mọ̀. Ló bá di pé gbogbo ìṣẹ́jú ló ń bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ olùkọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé. Ọ̀gá wa, tó jẹ́ pé bí mo bá tètè bímọ ni, mo lè bí i, wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ̀rọ yìí ti di agbèrò gáréèjì Challenge. Aṣọ ló kù kó máa fà mọ́ èèyàn lọ́rùn."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Màá tún un ṣe."

Ohun tí mo wá kọ nìyí: "Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kùnà nínú ìdánwò, bi í bóyá ó fẹ́ kí olùkọ́ pè é. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, lo irinṣẹ́ yìí. Tó bá kọ̀, pa ọ̀rọ̀ náà dé, má sì béèrè mọ́." Mo kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ibi tó ṣókùnkùn nínú rẹ̀. Inú mi dùn sí i, kí n má parọ́, mo tilẹ̀ fi han àwọn tó kù ní ọ́fíìsì bí àpẹẹrẹ àlàyé tó mọ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá wá yìn mí. Ó ní ìlà àwọn tó ń dúró de olùkọ́ ti kúrú, pé àwọn olùkọ́ tí kì í ráyè mumi tẹ́lẹ̀ ti ń ráyè ṣàwàdà. Ẹlòmíì ì bá dúpẹ́, kó sì máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ní tèmi, ara fu mí.

"Ọ̀gá, níbo làwọn èèyàn yẹn wá lọ?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ olùkọ́ ni, mà."

"Gbogbo wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ọkàn mi balẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí n fi ọkàn mi balẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kì í balẹ̀. Mo ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ títí di alẹ́ àná, torí ti òní kì í wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má ṣe wàhálà, olùkọ́." Ẹ̀rọ pa ọ̀rọ̀ dé. "Rárá o, ẹ ṣeun, mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́." Ẹ̀rọ pa ọ̀rọ̀ dé. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá tún gbìyànjú." Ó pa á dé. Nígbà tí mo fi máa ka ìkẹsàn-án, mo ti mọ ohun tí mo ṣe.

Ta ló máa ń gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́ nílẹ̀ yìí? Nílé ìyá mi, àlejò á wọlé, ìyá mi á ní, "Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun." Àlejò á ní, "Rárá o, mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé." Ìyá mi á ní, "Ẹ jókòó o jàre." "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." "Mo ti ń bù ú." Ìgbà yẹn ni àlejò á tó jókòó, á béèrè omi ìfọwọ́, á sì jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ kan tí mo wà ní kékeré, mo gbọ́ "mo ti jẹun" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, mo sì gbé abọ́ padà sí ìdáná. Ìyá mi gbá mi létí. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ahun ni. Mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà. Èmi yìí náà ni mo jókòó sí Bódìjà, mo kọ ọ́ fún ẹ̀rọ pé kó gbé abọ́ kúrò níwájú àlejò.

Inú bí mi sí ara mi gan-an. Bí mo ṣe ń wá kí ọ̀rọ̀ mi mọ́, tí mo ń wá kí ọ̀gá yìn mí, mo ti kọ àlàyé náà fún àwọn èèyàn tó máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò mọ ẹnì kankan tó rí bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ ìyá kan. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni wọ́n. Ọsibítù aládàáni kan lágbègbè Ring Road ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Wọn kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń nu ilẹ̀, tí wọ́n ń wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ ò dá. Ọdún kọkànlá wọn níbẹ̀ nìyí. Ọsibítù ti sọ pé ẹni tí kò bá yege nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó tiwa kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí máa kúrò ní wọ́ọ̀dù, á lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Gbogbo èyí ni wọ́n fúnra wọn ti sọ fún ẹ̀rọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ìdánwò náà. Wọ́n ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, lórí irú ìbéèrè kan náà: bí a ṣe ń po oògùn apakòkòrò mọ́ omi.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ kùnà, ẹ̀rọ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ pè wọ́n. Wọ́n ní, "Háà, ẹ má ṣe wàhálà, olùkọ́. Ẹ̀yin náà á ti níṣẹ́ tó pọ̀." Ẹ̀rọ ní, "Ó dáa. Mo ti pa ọ̀rọ̀ náà dé." Nígbà tí wọ́n kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ kẹta kà. Ohun tí mo kọ náà ló ṣe.

Ọjọ́ kejì ẹ̀, wọ́n kọ̀wé: "Ẹ káàárọ̀, olùkọ́. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé ara le?" Ẹ̀rọ kí wọn padà, ó sì gbé ẹ̀kọ́ kẹta síwájú wọn. Ọjọ́ kẹta: "Olùkọ́, tí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mo rí i pé ẹ ò bi mí mọ́." Ẹ̀rọ ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ kẹta." Mo kà á débẹ̀, mo dìde, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún.

Ọ̀sán Ẹtì, ọjọ́ kejì, ni àkókò ìdánwò máa parí. Mo pe nọ́ńbà wọn, ó wà ní pípa. Mo tún pè é, ó wà ní pípa. Mo kọ̀wé ránṣẹ́ lórí ìkànnì wa pé kí wọ́n má tíì ṣe ìdánwò kankan, pé olùkọ́ ń bọ̀, kò sẹ́ni tó kà á. Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá. Ó kà á tán, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mà, ohun tẹ́ ẹ kọ náà ló ṣe."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ó sì gún mi. Ó ní a lè yí àlàyé náà padà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dán an wò dáadáa, ó di Mọ́ńdè. Mo ní kò ṣeé dúró di Mọ́ńdè, mo sì gbé báàgì mi.

Takisí tí mo wọ̀ ní Bódìjà kò yára rárá, tàbí kó jẹ́ èmi ni mò ń yára jù. Ní Mọ́kọ́lá, awakọ̀ dúró gbé èrò. Nígbà tá a dé Dúgbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ dúró pa. Mo ń pe nọ́ńbà yẹn, ó wà ní pípa, mo tún ń pè é. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé kò sí wàhálà o. Mo ní kò sí. Ó tún bi mí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà, kò sí." Mo wá gbọ́ ohùn ara mi bó ṣe jáde, mo sì wo ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí gáàsì rárá.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ọsibítù náà ní ìyá náà wà lẹ́yìn ilé. Mo rò pé wọ́n lọ sinmi ni. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí ìyá kan tí kò tóbi, pẹ̀lú híjáàbù lórí, tó jókòó síwájú òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó ń ká a lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n yára ní kí n dìde, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Láti ibi ẹ̀kọ́ orí fóònù ni mo ti wá."

Ojú wọn ṣú. "Ẹ ti rí i nìyẹn?"

"Kí ni mo rí, mà?"

Wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n tàn án. Wọ́n ní àwọn máa ń pa á kí bátìrì má bàa tán. Wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ti ṣe ìdánwò kẹta láàárọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n kírun àsùbáà tán. Wọ́n ní kí àwọn kúkú ṣe é kí àwọn má fi da olùkọ́ láàmú mọ́, nígbà tí olùkọ́ ti ń bínú. Wọ́n kùnà. Èsì rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mátíróònù kí wọ́n tó débi iṣẹ́, ìdí tí wọ́n fi jókòó ti aṣọ nìyẹn.

Mo pe ọ̀gá níwájú wọn níbẹ̀. Ó ní èsì ti lọ, kò sí bí a ṣe lè fà á padà. Ìdánwò mìíràn kò tún sí títí di oṣù mẹ́ta sí i, òun á kọ̀wé bẹ ọsibítù náà, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n mi orí, wọ́n sì mú aṣọ mìíràn.

Mo ní, "Ẹ̀rọ yẹn ò bínú sí yín, mà. Ẹ̀rọ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Èmi ni mo kọ ohun tó ń tẹ̀ lé. Èmi ni mo sọ fún un pé tẹ́ ẹ bá ti kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má bi yín mọ́."

"Háà, kò sí wàhálà, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Kí lẹ ṣe? Ẹ má da ara yín láàmú. Bó ṣe máa rí náà ló rí yẹn." Wọ́n fa àga kan jáde, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n ní kí n jókòó, pé oòrùn ti pa mí.

Wọ́n ti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo lè dìde nígbà yẹn, kí n dúpẹ́, kí n padà sí Bódìjà, kí n máa sọ fún ara mi pé wọ́n ti dárí jì mí. Ó wù mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ohun tó máa tẹnu wọn jáde ń bà mí ju ohunkóhun lọ. Mo jókòó.

"Mo gbọ́ tẹ́ ẹ ní kò sí wàhálà, mà. Mo tún ń bi yín ni."

Wọ́n ká aṣọ náà sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n gbé e lé ìyókù. Wọn ò wò mí.

"Ó dùn mí," wọ́n ní. "Ó dùn mí gan-an ni. Ọmọ kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin lókè yẹn, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì wẹ òun, àfi èmi. Mi ò mọ ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́ lónìí." Wọ́n fa aṣọ mìíràn súnmọ́ra. "Mo fẹ́ olùkọ́ yẹn. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fẹ́ ẹ. Mo rò pé wọ́n á tún bi mí ni."

Mo fa àga mi súnmọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n fi ìbéèrè náà hàn mí. Ó ní a fẹ́ po ìwọ̀n oògùn kan mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án nínú garawa tó ń gba ogún ife. Ife oògùn mélòó la máa bù síbẹ̀? Garawa wà nítòsí, ife wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bù ú bí wọ́n ṣe máa ń bù ú ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n má ronú. Wọ́n bu omi ife méjì, wọ́n ní ká pè é ní oògùn, wọ́n sì bu méjìdínlógún lé e. Ó péye. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń pò ó bó ṣe yẹ. Orí fóònù, mẹ́sàn-án ni wọ́n rò pé gbogbo ìwọ̀n náà jẹ́, torí omi nìkan ni wọ́n kà. Mo ní kí wọ́n ka oògùn náà mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka kà á, ọ̀kan, lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án, wọ́n sì gbójú sókè.

"Mẹ́wàá ni."

"Mẹ́wàá ni, mà."

Mo ní tó bá jẹ́ garawa tó ń gba ọgbọ̀n ife ńkọ́, wọ́n ní mẹ́ta. Mo ní tó bá jẹ́ èyí tó ń gba àádọ́ta ńkọ́, wọ́n ní márùn-ún kí n tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo wo aago mi. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti jókòó, ohun tí ìpè olùkọ́ kan ṣoṣo ì bá ti ṣe nìyẹn.